Ẹnu Mi Ló Tú Ọmọ Aláwọ Fó

Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti tán. Ẹni tó bá ń wá ìyá àgbà tí yóò sọ̀tàn jẹ́jẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe kúùkù fún àwọn ará Íńdíà ní Àpápá, ní fúláàtì kan tó wà ní àjà kẹta, tó jẹ́ pé téèyàn bá yọrí lójú fèrèsé, orí kọ̀ńténà ni yóò máa wò títí dé etí omi. Ilé iṣẹ́ wọn ló ń kó ìrẹsì àti ṣúgà wọlé, tí wọ́n ń dì í sí àpò kéékèèké. Àwọn tí wọn ò kó ìyàwó wá nínú wọn ló ń gbé fúláàtì náà, ọkùnrin mẹ́rin. Láàárọ̀, màá wọ kẹ̀kẹ́ ní ibùdókọ̀ Boundary, màá sọ̀ kalẹ̀, màá máa fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín àwọn tírélà tó tò sójú ọ̀nà, màá sì dé ibẹ̀ kí wọ́n tó jí. Nírọ̀lẹ́, màá padà sí Ajégúnlẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi ní oúnjẹ wọn ni àgbà wọn, ẹni tí sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé wọn wọ kíṣìnnì náà. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní dáàlì, àti bí wọ́n ṣe ń na rótì, búrẹ́dì wọn pẹlẹbẹ yẹn, títí yóò fi fẹ́lẹ́. Tó bá fẹ́ mumi, kì í fi ẹnu kan kọ́ọ̀bù. Á gbé e sókè, á da omi náà sọ́fun tààrà, ẹ̀kán kan ò ní ta sí i láṣọ. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi nílé pé kí wọ́n wá wo èèyàn tó mọ́ tónítóní. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun nìkan nínú wọn ló wá sí Ajégúnlẹ̀, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tó sì sunkún bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú. Èèyàn dáadáa ni. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára jù nìyẹn, torí ká ní ìkà ni, ǹ bá ti mọ ibi tí màá tì í sí.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Íńdíà, pé kó máa tún ẹ̀rọ tó ń di ṣúgà ṣe. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọjọ́ tó dé gan-an ló ti ń pè mí ní Mummy, bí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ṣe ń pè mí. Àwọn yòókù kì í wọ kíṣìnnì. Tí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á pariwo pè mí láti pálọ̀. Èyí á wọlé, á fọ abọ́ tó fi jẹun fúnra rẹ̀, á bá mi gé àlùbọ́sà, á sì máa bi mí pé kí la ń pe tibí, kí la ń pe tọ̀hún ní Yorùbá. Ó wọ̀ mí lójú gan-an. Mi ò tíì rí ọmọkùnrin tó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbá a létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé tèmi. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ awọ ni bàbá mi ń ṣe. Òun ló ń ṣe tìmùtìmù tí àwọn ìjòyè ń jókòó lé, òun ló ń rán apó, òun ló ń ṣe bàtà. Òórùn awọ tútù la fi ń sùn nílé wa, òun la fi ń jí. Kò sẹ́ni tó rí wa tó yínmú. Tí mo bá ń kọjá lọ lọ́jà nígbà tí mo kéré, àwọn àgbà á ní, "Ọmọ aláwọ, ọmọ ọlọ́nà, kú ìrìn o," orí mi á sì wú. Lọ́dọ̀ wa, tí a bá fẹ́ bu iyì fún èèyàn, ilé rẹ̀ là ń bi í. Ọmọ ta ni ọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín? Ohun tó bá sọ la ó fi kì í. Ẹni tí a kò bá bi, a kò kà á kún.

Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo bi í. A jọ ń ṣa òkúta kúrò lára ẹ̀wà ni. Ó wo ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Mo ní, "Àbí wọn ò níṣẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àwọn bàbá ńlá òun ló máa ń bó awọ màlúù tó bá kú lábúlé, àwọn ló ń ṣe é, àwọn ló sì ń fi rán bàtà; ó ní bàbá àgbà òun ṣe é títí ó fi kú.

Yé! Ayọ̀ ò jẹ́ kí n ronú. Mo pariwo, mo ní, "Ọmọ aláwọ bíi tèmi!" Mo dì mọ́ ọn. Ó ń sọ pé, "Mummy, softly, softly, please." Mo rò pé ojú ló ń tì í. Ṣebí nílé wa náà, ọmọ tó níwà kì í ki ara rẹ̀. Àgbà ló ń bá a ṣe é. Mo sọ lọ́kàn mi pé kò burú, màá bá a ṣe é. Ẹ wo wàhálà tí mo fọwọ́ ara mi fà.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí gbogbo wọn jókòó yí tábìlì ká. Mo gbé rótì sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo ní kí wọ́n fetí sí mi. Mo ní, "My oga dem, una know say me and this engineer na one family? Im grandpapa dey do leather, my own papa dey do leather. Na work wey king dey respect o!" Mo pàtẹ́wọ́. Mo ń retí kí wọ́n bá mi pa á.

Rótì tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ kò dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó dìde, ó lọ fọwọ́, ó fọ ọwọ́ náà pẹ́, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá àgbà, ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo wọn, tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ń wojú ara wọn, ọ̀kan tilẹ̀ ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Mo ní, "Oga, salt too much?" Mo wá wo ọmọ náà. Ó doríkodò sórí abọ́ rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló mú ọ̀ràn bá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ pè mí. Ó ní kí n mú abọ́ irin kan, ṣíbí kan, kọ́ọ̀bù kan, kí n fi wọ́n sọ́tọ̀ fún ọmọ yẹn. Kí n má fọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ tàwọn. Kí n máa kó wọn sábẹ́ síńkì, níbi tí búkẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀ ń wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí a ń sá aṣọ sí, ni kó ti máa jẹun. Mo ní, "Kí ló jí?" Ó ní kò jí nǹkan kan. Ó ní ó tan àwọn jẹ ni. Orúkọ bàbá tó ń jẹ́ kì í ṣe orúkọ irú wọn, òun ti pe ilé, wọ́n sì ti bá òun wádìí rẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ṣe é. Èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ yìí, mo mú abọ́, mo mú kọ́ọ̀bù, mo kó wọn sábẹ́ síńkì. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Lọ́jọ́ kan òjò dé nígbà tó ń jẹun lẹ́yìn, ó gbé abọ́ rẹ̀ mọ́yà, ó sún mọ́ ògiri, ó ń jẹ ẹ́ lọ lábẹ́ ṣòkòtò àwọn ẹlòmíràn tó ń kán omi sí i lórí. Mo rí i. Mo ti ilẹ̀kùn kí òjò má bàa wọ kíṣìnnì. Iṣẹ́ ni mo ń wò, ọmọ ni mo ń wò, opó ni mí, gbogbo àwáwí yẹn ni mo ń sọ fún ara mi. Ẹ máa gbé e lọ, kò wúlò fún nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹta ni mo lọ jókòó tì í lẹ́yìn, mo ní kó là mí lóye, torí mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì là mí lóye pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ìran tí wọ́n bá bí èèyàn sí ni yóò wà títí tí yóò fi kú. Ìran kan wà lókè, ìran kan wà nísàlẹ̀, àwọn tó sì ń bó òkú màlúù wà nísàlẹ̀ pátápátá, débi pé àwọn kan gbà pé tí wọ́n bá fọwọ́ kan omi, omi náà ti bàjẹ́. Ó ní ìyá òun máa ń dúró létí kànga pẹ̀lú ìkòkò, kò gbọdọ̀ fa omi, àfi kó dúró de ẹni tí àánú rẹ̀ bá ṣe tí yóò dà á sí i láti òkè. Abiyamọ, nínú oòrùn, létí omi! Ó ní ìlú wọn ti fi òfin de é tipẹ́, ayé sì ti ń yí. Bàbá òun búra pé ọmọ òun kankan ò ní fọwọ́ kan awọ, ó rán gbogbo wọn níléèwé. Òun náà dé yunifásítì, òun àti ọmọ àwọn ẹni òkè jọ jókòó, wọ́n jọ jẹun. Ṣùgbọ́n téèyàn bá fẹ́ gba yàrá, wọ́n á bi í ní orúkọ bàbá, torí òun ló ń fi ìran èèyàn hàn. Tó bá fẹ́ fẹ́yàwó, wọ́n á bi í. Nínú ọkọ̀ ojú irin pàápàá, àjèjì tó jókòó tì í á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì bi í. Ló bá pa orúkọ dà, ló bá wá iṣẹ́ wá sí Èkó.

Ó ní, "Mummy, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi mí ni mo wá."

Èmi ni mo bi í. Nínú gbogbo èrò Èkó yìí, èmi ni. Mi ò lè wò ó lójú. Mo dìde, mo lọ ń fọ ìkòkò tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ilé ló mọ̀ pé orí mi gbóná. Awọ màlúù! Pọ̀nmọ́! Ní àdúgbò wa, àwọn èèyàn ń jà nítorí pọ̀nmọ́. Obìnrin tó ń tà á nítòsí Boundary, Alájà la ń pè é, ilé tí à ń gbé gan-an, òun ló ni ín, àwọn ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Awọ tí wọ́n fi ń sọ èèyàn di ẹ̀gbin níbì kan, òun là ń já mọ́ ara wa lọ́wọ́ níbòmíràn, ẹ wá sọ ibi tí ọgbọ́n wà níbẹ̀ fún mi. Mi ò ní tan ara mi jẹ o. Àwa náà ní tiwa. Ará Ìbò kan tí a jọ ń gbé ilé, wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù díẹ̀, wọ́n ní àwọn tí wọ́n fi fún òrìṣà láyé àtijọ́ ni ìdílé bàbá rẹ̀. Yorùbá náà ń ránṣẹ́ lọ wádìí ilé ọkọ ìyàwó, tí wọ́n bá ní ẹrú ni bàbá ńlá rẹ̀, ọ̀rọ̀ á forí ṣánpọ́n. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kó abọ́ èèyàn sábẹ́ síńkì rí láyé mi, àfi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kejìlá, mo kó abọ́ rẹ̀ jáde, mo fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù, mo sì tò ó sórí tábìlì. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ rí i, ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó, mo ní ìbéèrè." Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i. Mo ní, "Bàbá mi ń bó awọ. Èmi náà ti fa irun lára awọ kí n tó mọ̀wé kà. Ọwọ́ yìí ló ń po ìyẹ̀fun yín láti ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé ẹ máa bì gbogbo rótì tí ẹ ti jẹ ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kò tilẹ̀ bínú! Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Rárá, rárá, tìẹ yàtọ̀. Ìwọ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àárín àwa ni." Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀. Ó rò pé inú mi á dùn. Kí inú mi dùn sí kí ni? Pé wọ́n ka ọmọ yẹn sí ẹni ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi, wọn ò tilẹ̀ kà mí rárá? Omijé bọ́ lójú mi, ìbínú ló fà á, kì í ṣe ìbànújẹ́. Mo rántí pé ọkùnrin yìí ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tó ń sunkún ọkọ mi, mo fẹ́ kí ó gba ẹkún rẹ̀ padà.

Ọ̀gá àgbà gbọ́ ariwo, ó jáde. Ó kéré sí Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ orí, ó sì kàwé jù ú lọ. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé ìran tàwọn ò ka irú ẹ̀ sí mọ́, pé ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin wọn. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é kó wá jókòó." Ó wo Ọ̀gá Sítọ́ọ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní àlàáfíà ilé ni òun ń wá. Àlàáfíà ta ni? Òun gan-an ló bí mi nínú jù. Bàbá yẹn gba nǹkan gbọ́, ó sì ń ṣe é. Èyí ò gbà á gbọ́, ó sì ń ṣe é náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi ní ẹ̀rọ kan bàjẹ́ ní ẹ̀ka wọn tó wà lókè Ọya, pé kí ọmọ náà lọ máa gbé ibẹ̀. Irọ́ ni, kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Èmi, wọn ò lé mi. Ta ni yóò na rótì fún wọn? Fúnra mi ni mo kúrò nígbà tó yá.

Mo wá sọ fún ọmọ náà pé kò ní kúrò ní Èkó láìjẹun nílé mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí ibì kan wà ní Èkó yìí tí ọmọ náà yóò máa rántí pé wọ́n ti gba òun ní àlejò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nínú abọ́ tí gbogbo ilé ń lò. Ó kéré tán, màá tún ohun tí ẹnu mi bà jẹ́ ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó dé. Àwọn ọmọdé àdúgbò tẹ̀ lé e láti ìta wọlé, wọ́n ń pariwo, "Indian! Indian!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mo ti se ẹ̀fọ́ rírò, mo ti te ẹ̀bà. Mi ò fi pọ̀nmọ́ sínú ẹ̀fọ́ náà, mo ń sọ fún ara mi pé eyín rẹ̀ ò ní ká a. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ti Ọ̀yọ́ dé lánàá ọjọ́ náà. Òun ló jogún iṣẹ́ bàbá wa. Ọ̀dà pupa tó fi ń kun awọ kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Ó kí àlejò wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé omi kalẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ fọwọ́ nínú abọ́ kan náà. Mo rí ọmọ náà tó ń wo omi yẹn, tí ọwọ́ tiẹ̀ àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi jọ wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yọ ọwọ́.

Wọ́n jẹun dé ìdajì, ni ẹ̀gbọ́n mi bá ṣe ohun tí bàbá wa kọ́ wa. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ọmọ dáadáa lèyí o. Ọmọ ta ni? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nílé bàbá ẹ̀?"

Ọmọ náà ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí, kò sí èdè tí wọn ò fi bi í rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú abọ́. Kò wo ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ló wò.

Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ìbá fò dìde, ìbá kì í, ìbá pe àwọn ará ilé jáde wá wo ọmọ aláwọ tó ti òkèèrè wá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ yẹn ìbá ti dùn tó tiwa ní gbogbo Èkó.

Mo ní, "Tíṣà ni bàbá ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Áà, tíṣà! Iṣẹ́ iyì ni." Ó sì ti ìkòkò ẹ̀fọ́ sún mọ́ ọn.

Ọmọ náà gbọ́ tíṣà. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Thank you, Mummy."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó dúpẹ́. Nínú ilé mi, lójú ọmọ bàbá mi tí ọ̀dà awọ wà ní èékánná rẹ̀, mo sọ iṣẹ́ bàbá tèmi di ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ dárúkọ, ó sì tu ọmọ náà lára débi tó fi na abọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n bù sí i.